Ọ̀kẹ́ Kan: Ìtàn àti Àbùdá Ẹgbàáwàá nínú Òǹkà Yorùbá

Ìfáárà

Nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ sọ pé nǹkan pọ̀ kọjá ohun tí ẹnu lè ròyìn, "ọ̀kẹ́ àìmọye" ni wọ́n máa ń wí. Àkànlò èdè yìí ti mọ́ etí lára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi gbà pé ọ̀kẹ́ kò ju ọ̀rọ̀ àbùmọ́ lásán lọ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iye kan pàtó ni ọ̀kẹ́. 20,000 ni, kò lé ẹyọ kan, kò sì dín ẹyọ kan. Àwọn baba ńlá wa fi ọwọ́ kà á, wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n sì gbé e ru orí lọ sí ọjà.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni ìdí tí ó fi jẹ́ pé 20,000 gan-an ni Yorùbá fi ṣe òpó òǹkà ńlá wọn, tí kò fi jẹ́ 8,000, tàbí 10,000, tàbí 160,000. Ìbéèrè yìí ṣe kókó nítorí àríyànjiyàn tí ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Àwọn kan gbà pé òǹkà ológún, èyí tí ó fi ogún ṣe ìpìlẹ̀, ni òǹkà Yorùbá látòkè délẹ̀, pé nítorí náà kò lè bá òǹkà onímẹ́wàá tí gbogbo ayé ń lò rìn, àti pé kí a kúkú gbé e jù sílẹ̀. Èrò tí a ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé ọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí ó tako ìgbàgbọ́ yìí. Bí a bá tú nọ́ńbà náà wò, tí a sì wo ìtàn bí a ṣe ń kó o jọ, a ó rí i pé ẹ̀wá ti wà nínú òǹkà Yorùbá kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ìwé ìṣirò wọn dé.

Àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí òǹkà yìí kò kéré. Samuel Ajayi Crowther kọ ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ní 1852. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó gbé ní Ìjàyè, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí òǹkà Yorùbá ní 1887. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn tí a tẹ̀ jáde ní 1921, Abraham ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ní 1958, Armstrong sì ya odidi ìwé kékeré sọ́tọ̀ fún un ní 1962. Bí a ṣe ń ṣẹ̀dá orúkọ àwọn nọ́ńbà ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tẹnu mọ́. Àbùdá nọ́ńbà kan ṣoṣo, àti ohun tí ìtàn ṣe fún un, ni àpilẹ̀kọ tiwa yìí dúró lé lórí.

Owó Ẹyọ àti Bí Ọ̀kẹ́ Ṣe Ń Kún

A kò lè sọ ìtàn ọ̀kẹ́ kí a má sọ ti owó ẹyọ. Àpò ńlá ni ọ̀kẹ́ jẹ́ nínú èdè, àpò tí ó sì gba 20,000 owó ẹyọ ni ó fún nọ́ńbà náà lórúkọ. Láti erékùṣù Maldives tí ó wà nínú Òkun Íńdíà ni owó ẹyọ kékeré ti ń wá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16 ni àwọn Potogí ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí etíkun wa. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé wọn. Ènìyàn ni ohun pàtàkì tí wọ́n ń fi owó náà rà. Kò yẹ kí òpìtàn bo èyí mọ́lẹ̀. Ọ̀kẹ́ tí a fi ń díwọ̀n epo àti aṣọ ni a fi díwọ̀n ọmọ ènìyàn pẹ̀lú, kò sì sí bí a ṣe lè yin ìmọ̀ ìṣirò tí ó wà nínú rẹ̀ tí a ó gbàgbé iṣẹ́ tí a fi í ṣe.

Mann ròyìn bí a ṣe ń ka odidi àpò kan. Ẹni tí ń kà á yóò da owó sílẹ̀, yóò jókòó tàbí kí ó kúnlẹ̀ tì í, yóò sì máa fi ọwọ́ fa márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá fa márùn-ún nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Yóò tún ka ọgọ́rùn-ún mìíràn, yóò sì gbá méjèèjì pọ̀ di igba. Òkìtì igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, òkìtì ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́. Bí a bá kọ iṣẹ́ ọwọ́ yìí sílẹ̀ ní èdè ìṣirò, ohun tí a ó rí nìyí:

5 × 20 × 2 × 10 × 10 = 20,000.

Ọ̀nà kejì ni ti okùn. A máa ń sín ogójì owó ẹyọ sórí okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta okùn sì jẹ́ ọ̀kẹ́. Ọ̀nà méjèèjì, ti ẹni tí ó da owó sílẹ̀ àti ti ẹni tí ó sín in sí okùn, pàdé ní igba, wọ́n pàdé ní ẹgbàá, wọ́n sì tún pàdé ní ọ̀kẹ́. Èyí já sí pé bí oníṣòwò méjì bá ka owó kan náà ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀, wọ́n lè yẹ ara wọn wò ní ibùsọ̀ mẹ́ta kí àpò tó kún. Nínú ọjà tí kò sí ìwé àkọsílẹ̀, ààbò ńlá ni èyí.

Àbùdá Ọ̀kẹ́ nínú Ìmọ̀ Ìṣirò

Bí a bá pín 20,000 sí wẹ́wẹ́ títí tí kò fi ṣe é pín mọ́, nọ́ńbà méjì péré ni a ó bá nínú rẹ̀: èjì àti àrùn-ún. Èjì fara hàn lẹ́ẹ̀márùn-ún, àrùn-ún sì fara hàn lẹ́ẹ̀mẹ́rin:

20,000 = 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 5 × 5 × 5 × 5.

Kò sí ẹẹ́ta nínú rẹ̀, kò sí èje, kò sí mọ́kànlá. Ìka márùn-ún àti ọwọ́ méjì ni a fi kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Láti inú ìtúpalẹ̀ yìí ni a ti lè mọ iye nọ́ńbà tí ó lè pín ọ̀kẹ́ dọ́gba láìṣẹ́kù. Ọgbọ̀n ni wọ́n. Lára wọn ni 5, 10, 20, 40, 50, 100, 200, 400, 500, 1,000, 2,000, 4,000 àti 10,000. Ẹni tí ó bá mọ òǹkà Yorùbá yóò kíyè sí i pé gbogbo àwọn tí a kà yìí ni ó ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú kíka owó tàbí nínú ṣíṣẹ̀dá orúkọ nọ́ńbà.

Kí a lè mọ bí àbùdá yìí ti níyì tó, ẹ jẹ́ kí a yọ owó ẹyọ kan ṣoṣo kúrò nínú àpò, kí ó ku 19,999. Nọ́ńbà yìí kò ṣe é pín sí méjì, tàbí sí mẹ́rin, tàbí sí márùn-ún, tàbí sí mẹ́wàá kí ó dọ́gba. Yàtọ̀ sí oókan àti òun fúnra rẹ̀, 7 àti 2,857 nìkan ni ó lè pín in. Ẹyọ kan péré ni ó yọ, ìpín ọgbọ̀n sì wá sílẹ̀ di mẹ́rin. 10,000 tí àwọn òǹkà onímẹ́wàá fẹ́ràn pàápàá, nọ́ńbà 25 ni ó lè pín in dọ́gba. Ìdí nìyí tí àpò tí ó pé fi rọrùn láti pín fún ènìyàn méjì, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́wàá, mẹ́rìndínlógún tàbí ogún láìsí awuyewuye.

Àmọ́ ó ní ibi tí ó kù sí. Bí ẹni mẹ́ta bá fẹ́ pín ọ̀kẹ́ kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gba 6,666, owó ẹyọ méjì yóò sì ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá jẹ́ méje, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gba 2,857, ẹyọ kan yóò ṣẹ́kù. Kò sí nọ́ńbà tí ó ṣe gbogbo iṣẹ́ tán. Òǹkà tí a gbé ka orí ọwọ́ àti ìka gbọ́dọ̀ fi ẹẹ́ta àti èje sílẹ̀.

Àtẹ̀gùn Onímẹ́wàá

Nínú òǹkà ológún tí kò ní àdàlù, ogún ni a fi ń sọ nọ́ńbà di púpọ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ogún lọ́nà ogún jẹ́ 400. Ìyẹn lọ́nà ogún jẹ́ 8,000. Ìyẹn náà lọ́nà ogún jẹ́ 160,000. Àwọn ẹ̀yà kan gun àtẹ̀gùn yìí gẹ́lẹ́. Igbo ní ogu fún 20 àti nnu fún 400. Ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, kí àwọn ará Sípéènì tó dé, àwọn Aztec ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún 20, fún 400 àti fún 8,000. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé xiquipilli, orúkọ tí wọ́n fún 8,000, túmọ̀ sí àpò, àpò tí a fi ń ka kóró kòkó tí wọ́n ń ná bí owó. Ẹ̀yà méjì tí kò mọ ara wọn rí, tí òkun ńlá wà láàrin wọn, ni ó fi àpò owó sọ nọ́ńbà lórúkọ. Síbẹ̀ iye inú àpò méjèèjì yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà ni ó sì ṣe pàtàkì fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo àtẹ̀gùn ti Yorùbá: ogún, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́. 20, 200, 2,000, 20,000. Ẹ̀wá ni a fi sọ ìkọ̀ọ̀kan di púpọ̀, kì í ṣe ogún. Ọ̀kẹ́ kò sí lórí àtẹ̀gùn ológún rárá, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè fi ogún nìkan sọ ogún di púpọ̀ kí a kan 20,000. Láàrin 8,000 àti 160,000 ni yóò ti bọ́ sí. Òótọ́ ni pé 400 ní orúkọ tirẹ̀, irinwó, ṣùgbọ́n irinwó kò bí ọmọ. A kò fi í kọ́ nọ́ńbà tí ó tóbi jù ú lọ. Igba ni ó bí ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rin, ẹgbẹ̀rún àti àwọn yòókù, ẹgbàá ni ó sì bí ẹgbàajì, ẹgbàáta, ẹgbàárin títí dé ẹgbàáwàá tí í ṣe ọ̀kẹ́ kan.

Ìyọkúrò, tí àwọn àjèjì máa ń fi ṣe ìyanu jù lọ nínú òǹkà wa, fi ohun kan náà hàn. Ní ìpele ogún, ẹ̀wá ni a ń yọ: àádọ́ta jẹ́ ọgọ́ta dín mẹ́wàá, àádọ́rin jẹ́ ọgọ́rin dín mẹ́wàá. Ní ìpele igba, ọgọ́rùn-ún ni a ń yọ: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta jẹ́ 600 dín 100. Ní ìpele ẹgbàá, ẹgbẹ̀rún ni a ń yọ: ẹ̀ẹ́dẹ́gbàajì jẹ́ 4,000 dín 1,000. 10, 100, 1,000: àwọn òpó òǹkà onímẹ́wàá nìyí, wọ́n fara sin sínú ìyọkúrò. Nítorí náà, ó tọ́ kí a sọ pé ogún ni òǹkà Yorùbá fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wá ni ó fi ń gun òkè.

Ọ̀kẹ́ gẹ́gẹ́ bí Ọ̀rọ̀-Orúkọ

Bí a bá dé orí ọ̀kẹ́, ìlànà yí padà. A ì bá retí pé kí a yọ 10,000 kúrò nínú ọ̀kẹ́ méjì kí a tó rí 30,000. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bákan náà ni ọ̀kẹ́ kò súnkì mọ́ nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e bí igba àti ẹgbàá ṣe ń ṣe. Ẹgbàá àti èjì súnkì di ẹgbàajì, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ méjì ń jẹ́ ọ̀kẹ́ méjì síbẹ̀.

Gírámà fi ìdí rẹ̀ hàn. "Ilé méjì" ni a ń wí, ṣùgbọ́n "ogún ilé". "Ọ̀kẹ́ méjì" ni a ń wí, ṣùgbọ́n "ogún ọ̀kẹ́", "àádọ́ta ọ̀kẹ́". Bí a ṣe ń ka ilé ni a ń ka ọ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ ohun tí a lè fi ojú rí tí a sì lè fi ọwọ́ kàn ni, kò tíì di nọ́ńbà pátápátá nínú èdè. Àpò ṣì ni.

Èyí lè jẹ́ kí a mọ ìdí tí àtẹ̀gùn fi dúró síbẹ̀. Bí ìlànà ẹ̀wá bá tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí 200,000 ní orúkọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lásán ni a ń pè é. Àpò kan tí ó kún fún owó ẹyọ Maldives wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù 25. Ẹrù orí ènìyàn kan ni. Kò sí ẹni tí ó lè ru ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, kò sì sí àpò tí ó gbà á. Ó jọ pé ibi tí agbára ọrùn parí sí ni orúkọ tuntun parí sí. Láti ibẹ̀ lọ, àpò ni a ń kà.

Bí Iye Ọ̀kẹ́ Ṣe Wálẹ̀

Nọ́ńbà kì í yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè rà ń yí. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún 19, ẹgbàá kan ń lọ fún dọ́là fàdákà kan ní etíkun wa, ọ̀kẹ́ kan sì tó dọ́là mẹ́wàá. Láti 1845 ni àwọn oníṣòwò Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ẹyọ mìíràn wá láti apá Zanzibar, èyí tí ó tóbi tí ó sì pọ̀ ju ti Maldives lọ. Wọ́n ń fi í ra epo pupa. Owó ẹyọ kún ilẹ̀, iye rẹ̀ sì já. Nígbà tí ọ̀rúndún náà fi ń parí lọ, ẹgbàá kan ti di sísì, ọ̀kẹ́ kan ti di ṣílè márùn-ún, ọ̀kẹ́ mẹ́rin sì ni ó tó pọ́n-ùn kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ohun tí ọ̀kẹ́ lè rà ti kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹrù náà kò fúyẹ́ sí i. Ẹni tí ó ń ru ọ̀kẹ́ kan tẹ́lẹ̀ wá nílò ènìyàn mẹ́jọ láti ru iye kan náà.

Ní 1904, ìjọba amúnisìn fi òfin de kíkó owó ẹyọ wọlé. Kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè gba ọjà. Owó wọ̀nyí kì í ṣe onímẹ́wàá rárá: pẹ́nì méjìlá ni ó wà nínú ṣílè, ogún ṣílè ni ó sì wà nínú pọ́n-ùn. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà tí a pín sí ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀. Nítorí náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70 ọdún tí àwọn ọmọ Yorùbá, tí àwọn baba wọn ti ń fi ẹ̀wá gun àtẹ̀gùn owó, fi ń ka owó tí ó fi méjìlá àti ogún dà wọ́n láàmú. Ibẹ̀ ni ìlò ọ̀kẹ́ nínú ọjà ti parun díẹ̀díẹ̀. Ojú kò rí àpò mọ́, ọwọ́ kò sì kà á mọ́.

Ọ̀kẹ́ Lóde Òní

Inú ìwé ni ọ̀kẹ́ sá sí. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún 19 lò ó fún àwọn nọ́ńbà ńlá. 144,000 tí ó wà nínú ìwé Ìfihàn di ọ̀kẹ́ méje ó lé ẹgbàajì. Lónìí, ọ̀pọ̀ yóò sọ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́rìnlélógójì. Èkejì gùn ju èkíní lọ, ó sì ní àléébù kan: ẹgbẹ̀rún tí a fi ṣe òpó rẹ̀, igba márùn-ún ni, kì í ṣe ìpìlẹ̀ nínú òǹkà tí ó ti jáde wá.

Mílíọ̀nù náà bá ọ̀kẹ́ mu láìkù síbì kan. 1,000,000 jẹ́ àádọ́ta ọ̀kẹ́ gẹ́lẹ́. 100,000 jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún, 10,000,000 sì jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀kẹ́. Èyí kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Nítorí pé èjì àti àrùn-ún nìkan ni ó wà nínú ọ̀kẹ́, tí àwọn méjèèjì náà nìkan sì wà nínú ẹ̀wá, gbogbo nọ́ńbà onímẹ́wàá tí ó bá ti tó 100,000 ni ọ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ pín láìṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ kí a mú iye ènìyàn tí ìkànìyàn 2006 sọ pé ó wà ní Nàìjíríà ṣe àpẹẹrẹ: 140,431,790. Ọ̀kẹ́ 7,021 ni, ó lé 11,790. Ìyẹn ni pé ọ̀kẹ́ lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárin ó lé mọ́kànlélógún, àti ẹgbàáfà ó dín mẹ́wàálénígba.

A kò ní sọ pé èyí rọrùn fún ọmọ ilé-ìwé. Ó nira, pàápàá jù lọ níbi tí ìyọkúrò ti wọ inú ìyọkúrò. Ẹni tí ó bá ní kí a dín ìyọkúrò kù nínú kíláàsì ìṣirò ní àwíjàre tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ẹjọ́ ìyọkúrò kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀kẹ́. Ìṣòro náà wà nínú àwọn nọ́ńbà kéékèèké, ọ̀kẹ́ sì ni a ń fìyà rẹ̀ jẹ. Olùkọ́ tí ó bá kọ 20, 200, 2,000 àti 20,000 sójú pátákó, tí ó sì kọ ogún, igba, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, yóò ti kọ́ ọmọ ní òǹkà onímẹ́wàá ní èdè abínibí rẹ̀ láìyá ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kẹ́ ti ṣẹlẹ̀ sí nọ́ńbà Yorùbá mìíràn rí. Ní Kúbà, láàrin àwọn ọmọ tí a kó lẹ́rú lọ, orúkọ dídá owó mẹ́rìndínlógún ṣì wà títí di òní. Diloggún ni wọ́n ń pè é. "Mẹ́rin" ti já bọ́ lójú ọ̀nà, "dínlógún" ni ó kù. Àwọn olùdáfá ibẹ̀ mọ̀ pé owó mẹ́rìndínlógún ni, nítorí pé wọ́n ń kà á lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò tí ó wà nínú orúkọ náà ti lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò lè sọ mọ́ pé ogún dín mẹ́rin ni òun.

Àwọn ará Kúbà ní owó ẹyọ lọ́wọ́ láti fi di iye náà mú. Àwa tí a wà nílé kò ní àpò mọ́. Bí a kò bá fi kíláàsì àti ìwé di ìmọ̀ náà mú, ọ̀kẹ́ yóò kù sí inú "ọ̀kẹ́ àìmọye" nìkan, nọ́ńbà tí ó ní iye pàtó jù lọ nínú òǹkà ńlá wa yóò sì di orúkọ ohun tí kò ní iye. 20,000 ni ọ̀kẹ́. Ọgbọ̀n ni àwọn tí ó lè pín in dọ́gba, àádọ́ta rẹ̀ ni mílíọ̀nù kan, àtẹ̀gùn ẹ̀wá mẹ́ta ni a sì gùn láti ogún kí a tó dé ibẹ̀. Ìwọ̀nyí ni ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tí ó bá ka ìwé mẹ́fà mọ̀ kí ó tó mọ mílíọ̀nù.